Àyà Mi Di Bọ́ọ̀dù

Ayétòrò-Èkìtì,
Oṣù Kẹta, 1964.

Bọ́látitó, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì, mo kí ọ kú ìjókòó orí àga láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo sì kí ọ kú ariwo Ìbàdàn. Àlàáfíà ni mo wà nígbà tí mo mú gègé yìí, mo sì bẹ Ọlọ́run kí àlàáfíà náà ṣì wà lára mi títí lẹ́tà yìí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ, nítorí dẹ́rẹ́bà tí mo fẹ́ fi rán kì í kánjú, ó máa ń sùn ní Iléṣà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Kí Olúwa tó ń ṣọ́ ọ ní ìgboro má tòògbé. Kí àwọn tó jù ọ́ lọ ní ọ́fíìsì máa rí oore nínú rẹ, kí àwọn tí o jù lọ má bínú rẹ. Kí o má ṣàìsàn, kí o má ṣìnà, kí o máa jẹun lásìkò. Àmín.

Gbogbo ará ilé ń kí ọ. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti sàn, tòsì ló kù. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti bímọ, ṣùgbọ́n akọ ni gbogbo ọmọ náà, ìyá rẹ sì ti bá a wí. Wọ́n da òkúta sí ojú ọ̀nà tó lọ sí Ìjerò, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe, òkúta náà sì wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dà á, inú igbó ni gbogbo wa ń gbà kọjá báyìí, ọ̀nà ti sinmi. Ọyẹ́ ọdún yìí le púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé wa létí. Ọyẹ́ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí náà fara balẹ̀, kí o ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀ kí o tó bínú.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mi ò níṣẹ́ mìíràn nínú ìjọ. Wọn ò fi mí ṣe alàgbà, wọn ò jẹ́ kí n gbé igbá ọrẹ, bẹ́ẹ̀ ni ohùn mi kò dára fún akọrin, ìwọ náà ti sọ fún mi rí. Kíláàsì àwọn ọmọdé yẹn nìkan ni mo ní. Tí mo bá ti rí wọn tí wọ́n jókòó sílẹ̀ tí wọ́n gbé ojú sókè sí mi, ara mi á yá gágá, mi ò ní rántí mọ́ pé kòkó kò so dáadáa. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà mí lẹ́rù láyé yìí lẹ́yìn ikú ni kí wọ́n gba kíláàsì yẹn lọ́wọ́ mi.

Àṣé ohun tí wọ́n ń gbèrò náà nìyẹn. Tíṣà tuntun kan dé sí ilé ìwé wa, Adéṣínà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni, ó gba ìwé ẹ̀rí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ máa ń dé orúnkún, ó sì ní aago lọ́wọ́ tó máa ń wò kódà nígbà tí kò sí ibi tó ń lọ. Pásítọ̀ wa, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ayé ti yí padà, pé ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ fi ojú rí ohun tó ń fi etí gbọ́, pé tíṣà yìí mọ bí wọ́n ti ń ya ìtàn Bíbélì sí ojú bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ẹnu lásán ni èmi ní. Ó ní Ìyá Òyìnbó tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní agbègbè wa ń bọ̀ wá wò wá, pé èmi àti tíṣà yóò kọ́ àwọn ọmọ lójú rẹ̀, ohun tí ó bá sì sọ ni abẹ gé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ọ nígbà náà pé kí o bá mi wá àwòrán, nítorí mo mọ̀ pé ọ́fíìsì yín ni wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n fún ìjọ.

Ẹrù rẹ dé, mo dúpẹ́, kò ní tán lọ́wọ́ rẹ. Mo tú u, mo bá àwọn àwòrán inú Bíbélì tí wọ́n ti gé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bá aṣọ funfun kan nísàlẹ̀ wọn, onírun, ó rí múlọ́múlọ́. Ìwé kékeré tí o fi sínú rẹ̀ sọ pé gbogbo rẹ̀ wà fún iṣẹ́ kíláàsì mi, pé kí n máa lò ó. Ọ̀rọ̀ àwòrán yé mi. Ti aṣọ náà yé mi ju ti àwòrán lọ, nítorí ọmọ tó bá fi aṣọ onírun ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nínú ọyẹ́, kí ló tún kù tí yóò ṣàlàyé? Mo sọ fún ìyá rẹ pé wo ọmọ tí a tọ́, ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ó sì rántí àyà ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́. Ìyá rẹ sunkún díẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀ṣẹ́nì tẹ́là, o mọ̀ ọ́n, ilé rẹ̀ ló kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Ó fọwọ́ pa á, ó ní kí ni àwa onígbàgbọ́ ń fi irú èyí ṣe, mo ní òtútù ni, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé ní ti òtútù kò sí ìyàtọ̀ láàárín wa. Ó rán an ní ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn tó bo ìdodo. Ó ṣẹ́ ku díẹ̀, ó fi rán fìlà fún mi.

Nígbà tí mo padà délé, ìyá rẹ ti to àwọn àwòrán náà sórí tábìlì, ó ń wò wọ́n. Òun rò pé fọ́tò àwọn ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì ni. Mo ní rárá o, àwọn ará inú Bíbélì ni, ó ní ṣé mo mọ̀ wọ́n rí ni. Ó wá mú ọ̀kan nínú wọn, onírùngbọ̀n kan báyìí tí ojú rẹ̀ tutù, tó di àpò kékeré mọ́wọ́, ó ní tó bá jẹ́ pé èyí ni ọkọ tí o fẹ́ mú wá hàn wá, kí n jọ̀wọ́ kí n má kọ̀, nítorí ó jọ ẹni tó mọ owó tọ́jú. Mo yí ẹ̀yìn àwòrán náà, mo ka orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Júdásì ni.

Mo rí i nígbà náà pé wọ́n lẹ aṣọ onírun kékeré mọ́ ẹ̀yìn gbogbo wọn. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ọ́fíìsì yín mà láàánú o, wọn ò fẹ́ kí òtútù mú àwòrán pàápàá. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ ẹ̀wù mi tuntun, mo fi àyà lé tábìlì láti mú Bíbélì, bí mo ti nàró báyìí ni ìyá rẹ figbe ta pé òyìnbó kan ń gùn mí. Mo wo àyà mi. Pétérù ló lẹ̀ mọ́ mi lábẹ́ ọyàn, kò sí oje, kò sí ìṣó. Mo já a kúrò, mo tún fi í síbẹ̀, ó tún lẹ̀ mọ́ mi. Mo fi Mósè sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun náà dúró. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, lẹ́yìn náà inú mi dùn.

Ìgbà yẹn ni lẹ́tà rẹ kejì tó wá dé, tí o ṣàlàyé pé ara ògiri ni kí n ta aṣọ náà mọ́, kí n máa lẹ àwòrán mọ́ ọn bí mo bá ṣe ń sọ ìtàn lọ. Ọmọ mi, àlàyé rẹ dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Mo gbé ẹ̀wù lọ bá Ọ̀ṣẹ́nì pé kí ó tú u, ó ní ó ti gé ọrùn, ó ti gé apá, pé tí òun bá tú u, àkísà tó ní ihò láàárín ni yóò kù, ògiri yóò sì máa yọjú wò wá láti inú ihò náà. Mo jókòó, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo ní ṣé kí aṣọ má baà ṣubú la ṣe ń ta á mọ́ ògiri? Èyí tó wà lọ́rùn mi kò lè ṣubú. Ògiri kò sì lè súnmọ́ ọmọ tó jókòó lẹ́yìn, èmi lè súnmọ́ ọn. Ìyá rẹ ní kí n má dójú ti òun o. Mo ní kí ó fi ọkàn balẹ̀.

Ìtàn Dáfídì àti Gòláyátì ni mo mú fún ọjọ́ ìdánwò náà. Dáfídì wà nínú ohun tí o fi ránṣẹ́, Sọ́ọ̀lù wà, àgùntàn pọ̀ ju èyí tí a nílò lọ, ṣùgbọ́n Gòláyátì kò sí, mi ò mọ̀ bóyá ó tóbi jù fún lọ́rì. Mo pinnu láti ṣe é fúnra mi. Mo wá páálí ọṣẹ, mo gé e kó gùn láti ọrùn mi dé ìdodo, mo fi èédú ṣe irùngbọ̀n rẹ̀, mo fi osùn kun ojú rẹ̀, ẹfun ni mo fi ṣe eyín, aró ni mo fi ṣe ẹ̀wù ogun. Nígbà tí mo ṣe é tán, ìyá rẹ ní kí n gbé e kúrò nínú yàrá tí a ń sùn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé páálí wúwo. Mo fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ òwú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè di àyà mi mú, kàkà kó dúró, ṣe ló ń bọ́ sílẹ̀ kí Dáfídì tó dé rárá. Mo wá bi ara mi léèrè pé kí ni mo mọ̀ láyé yìí tó bá di nǹkan mú tí kì í jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí ló tún kù bí kò ṣe àtè, èyí tí àwọn ọmọdé ń fi mú ẹyẹ. Mo se àtè fúnra mi, mo fi í lẹ òwú mọ́ ẹ̀yìn Gòláyátì dáadáa, èyí tó ṣẹ́ kù mo fi ra òwú náà lójú kó má baà dà mí. Mo dán an wò ní ìdájí nínú òtútù, ó dúró digbí, mo fà á, ó bọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìyá Òyìnbó dé. Mọ́tò rẹ̀ dé ibi òkúta, ó sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà rẹ̀ sì ti pọ́n. Ooru mú gan-an lọ́jọ́ náà, ọyẹ́ ti lọ láìsọ fún wa, páànù ṣọ́ọ̀ṣì sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Tíṣà Adéṣínà ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ọkọ̀ Nóà ló yà. Bọ́látitó, mi ò ní purọ́, ọkọ̀ náà dára, ó ní fèrèsé, ó ní àtẹ̀gùn, pákó rẹ̀ ń hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló kọ sí àwọn ọmọ títí tó fi yà á tán, nígbà tó sì yíjú padà, ìdajì wọn ti sùn, ìdajì tó kù ń jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fún àwọn tó ń jà.

Ó kàn mí. Mo bọ́ agbádá mi, mo sì dúró nínú ẹ̀wù onírun láàárín ooru yẹn. Pásítọ̀ fi ọwọ́ bojú. Mo lẹ Sọ́ọ̀lù mọ́ èjìká, mo lẹ àgùntàn yí ìgbáròkó ká, mo fi Dáfídì sí ibi ìdodo, mo wá yọ Gòláyátì lábẹ́ àga, mo fi í lé àyà. Gbogbo ọmọ tó ń sùn jí. Àwọn tó ń jà jọ̀wọ́ ara wọn. Mo ń sọ̀rọ̀, mo ń rìn láàárín wọn, wọ́n ń na ọrùn, mo sì ń rí Ìyá Òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín, ọkàn mi ní kíláàsì ti di tèmi. Dáfídì mú òkúta, ó fi kànnàkànnà fì í, ó bà á níwájú orí. Mo na ọwọ́ kí n já Gòláyátì sílẹ̀. Gòláyátì kò lọ. Ooru ti yọ́ àtè, àtè ti wọ inú irun aṣọ, irun aṣọ sì ti bá òógùn mi mulẹ̀. Mo fà á, ẹ̀wù bá a wá, awọ ara mi bá ẹ̀wù wá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Nímọ́tà, ọmọ Ọ̀ṣẹ́nì tẹ́là, tó máa ń wá sí kíláàsì wa láti fojú ṣọ́ ẹ̀wù tí bàbá rẹ̀ rán, dìde, ó sì sọ ọ́ jáde pé:

"Bàbá, kò kú."

Ọmọ mi, kí ni ìwọ ì bá ṣe? Bí Gòláyátì kò bá ṣubú lójú àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí ni wọn yóò gbàgbọ́ mọ́ nínú ohun tí mo ti kọ́ wọn láti ọjọ́ yìí wá? Níwọ̀n bí kò ti gbà láti ṣubú lára mi, èmi bá ṣubú lára rẹ̀. Bíbélì ní ó dojú bolẹ̀, èmi náà dojú bolẹ̀, gbàà, lórí ẹní tí àwọn ọmọ jókòó sí. Ariwo tí wọ́n pa, wọ́n gbọ́ ọ ní Odò-Ọwà. Wọ́n ń fò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin. Mo gbìyànjú láti dìde, ẹ̀gbẹ́ mi kọ̀, ẹní náà sì ti lẹ̀ mọ́ Gòláyátì. Ìyá Òyìnbó yọ kámẹ́rà, ó ní kí n jọ̀wọ́ kí n má mira. Mi ò mira. Inú rẹ̀ dùn sí sùúrù mi púpọ̀. Ó ní fọ́tò náà yóò dé ọ́fíìsì yín, nítorí náà tí o bá rí bàbá kan tó dùbúlẹ̀ tí ẹní wà lára rẹ̀, má jẹ́ kó já ọ láyà, ara mi le.

Ó wá dìde láti sọ ìpinnu rẹ̀, pásítọ̀ ń túmọ̀. Ó ní àwa méjèèjì ṣe dáadáa, pé tíṣà ní ẹ̀kọ́, bàbá ní àwòrán, nítorí náà kí a pa á pọ̀, kí tíṣà máa sọ ìtàn, kí bàbá sì máa jẹ́ bọ́ọ̀dù. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé mi. Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ ń fi epo yọ Gòláyátì lára mi, ó bi mí pé ta ló gba kíláàsì. Mo ní a pín in. Ó ní apá wo ló kàn mí, mo ní àyà.

Bọ́látitó, ó dùn mí. Mo ń rẹ́rìn-ín lójú àwọn ènìyàn, àwọn kan ń kí mi kú oríire pé òyìnbó fún mi níṣẹ́, mo ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́. Ní gbogbo Sọ́ńdè mo máa ń bọ́ agbádá, mo máa ń dúró síwájú, tíṣà á mú ọ̀pá, á máa fi tọ́ka sí mi níhà. Tí ọmọ kan bá bi mí ní ìbéèrè, tíṣà á sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bọ́ọ̀dù kì í sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́ láti fi bú mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo dákẹ́. Wọ́n ta Jósẹ́fù ní ẹ̀gbẹ́ mi, mo dákẹ́. Wọ́n pín Òkun Pupa níyà ní àárín ọyàn mi, mo dákẹ́. Tíṣà náà mọ ìtàn, kò sí èyí tó ṣì sọ, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé ló máa ń sọ ọ́, á sì máa wo aago.

Títí ó fi kan ìtàn ọmọ onínàákúnàá. Ó lẹ bàbá ọmọ náà mọ́ apá òsì àyà mi, ó lẹ ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ikùn mi, ọmọ náà gan-an wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì dúró ní apá ibi ilẹ̀kùn. Ó ní ọmọ náà ronú, ó dìde, ó ń bọ̀ wálé. Ó ní nígbà tó ṣì wà ní òkèèrè, bàbá rẹ̀ rí i, àánú ṣe é, ó sáré. Ó wo aago.

Mo wolẹ̀, mo wo bàbá tó wà láyà mi. Ìwé ni, kò lè sáré. Ó kàn nawọ́ síwájú báyìí, ọmọ rẹ̀ sì wà níbi ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo rántí ọ. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá rẹ rí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti lọ tí o kò tíì padà wá wò wá, kò sí ọjọ́ tí lọ́rì Iléṣà máa dé tí mi ò ní wá iṣẹ́ kan ṣe lẹ́bàá ọ̀nà. Mo máa ń ro ilẹ̀ tí kò ní koríko. Mo máa ń ka ojú àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀, lẹ́yìn náà mo máa ń gbé ọkọ́ mi lọ sílé. Èmi mọ bí bàbá yẹn ṣe sáré. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n nínú ilé yẹn, wọ́n sì ti ní kí n má sọ̀rọ̀.

Mi ò sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ mi ló lọ. Mo sáré kọjá láàárín àwọn ọmọ náà tẹlẹ́dẹ̀ tẹlẹ́dẹ̀, mo bá Tíṣà Adéṣínà níbi tó dúró sí, mo rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ọmọ onínàákúnàá wà láàárín èmi àtòun. Ó kọ́kọ́ gan bí igi. Mi ò fi í sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tí ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé orí lé mi léjìká, ibẹ̀ ló wà. Kò sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ọmọ náà ti lẹ̀ mọ́ àyà mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ fi í síbẹ̀. Tíṣà nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fi ń nu bọ́ọ̀dù, ẹfun sì kún ojú rẹ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́ ní ohùn Èkìtì wa, bí a ṣe ń pe ilé, èmi nìkan ni mo gbọ́:

"Bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti dé ulé gbẹ̀yìn."

Bàbá rẹ̀ wà ní Ẹ̀fọ̀n, ọmọ mi. Orí òkè Ẹ̀fọ̀n yẹn, lọ́rì kan ṣoṣo ló máa gbé e débẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wa kò tíì lọ, ó ní iṣẹ́ pọ̀, ó ní òun ń fi owó ránṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ló wọkọ̀ lọ. Ó rán dẹ́rẹ́bà padà sí pásítọ̀ pé kí wọ́n má bínú, pé bàbá òun ti darúgbó ju bí òun ti rò lọ, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òun yóò máa lo gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ báyìí, kí wọ́n jẹ́ kí bọ́ọ̀dù máa sọ̀rọ̀. Nítorí náà kíláàsì ti padà sọ́wọ́ mi. Pásítọ̀ ní iṣẹ́ Olúwa ni, ìyá rẹ ní iṣẹ́ àtè ni, èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo ń wò ó pé ọmọ ẹlòmíràn ló lọ sílé kí n tó rí i gbà.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé kẹrosíìnì ti gbówó lórí, tí nǹkan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ kí o rántí òun. Ní tèmi, aṣọ onírun mìíràn ni mo ń tọrọ, èyí tí n ó ta mọ́ ògiri lóòótọ́, nítorí ooru yìí yóò pa mí nínú ẹ̀wù yẹn, ó sì wù mí kí n tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn dípò kí n máa dúró lábẹ́ rẹ̀. Tí ọ́fíìsì yín bá ti ya Gòláyátì, kí wọ́n fi ọ̀kan kún un. Ṣùgbọ́n, Bọ́látitó, má fi í rán dẹ́rẹ́bà. Gbé e wá fúnra rẹ. Mi ò ní bi ọ́ léèrè ohunkóhun, ìyá rẹ náà kò ní bi ọ́, mo ti bá a sọ ọ́. Kí Ọlọ́run tó mú ọ lọ mú ọ padà, kí ó máa bù sí i fún ọ, kí ó má jẹ́ kí ilé rẹ jìnnà sí ọ. Wá ulé. Kí o sọ̀kalẹ̀ lọ́rì ní òkèèrè díẹ̀, kí o má yára rìn. Mo ti dán ẹsẹ̀ mi wò, mo sì rí i pé ó ṣì lè sáré.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dúrójayé.